Ibọ̀wọ́ Tí Kò Yẹ Kó Dé Ìdí Ayùn

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Ajíbádé ní Ìkẹ́rẹ́, ó lé mi jáde. Bàbá mi ló mú mi lọ kọ́ṣẹ́ bàtà, ó gbé obì àti ìgò ọtí kan dání. Ọ̀gá gba obì, ó gbàdúrà fún bàbá mi, ó ní kó máa lọ sílé. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi.

"Ṣé o rí àwọn obìnrin tó ń fọ́ òkúta lẹ́yìn ọjà yẹn?"

Mo ní mo rí wọn, sà.

"Lọ jókòó tì wọ́n. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wá sọ ibi tí ọwọ́ ti ń dùn wọ́n fún mi."

Mo rò pé ó fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mo lọ. Obìnrin kan wà níbẹ̀, Màmá Bọ́sẹ̀, ẹnu rẹ̀ mú ju òkúta tó ń fọ́ lọ. Ó wò mí títí, ó gbé òòlù kalẹ̀.

"Ọmọ ulé tani rè é, tó ń wo mí lọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ gbé mi níyàwó?"

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín débi tí iṣẹ́ fi dúró. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mi ò dìde. Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá, mo sọ fún un pé ọwọ́ òsì ló ń jìyà ju ọ̀tún lọ, nítorí òun ló ń di òkúta mú lábẹ́ òòlù. Àti pé ìdí àtàǹpàkò ni awọ ti kọ́kọ́ ń là. Ó mi orí. Ó ní, "Lọ́la, o lè wọlé."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìwé mi kò ju prámárì mẹ́ta lọ. Bàtà ni mo lọ kọ́ lóòótọ́, Ọ̀gá sì kọ́ mi ní ibọ̀wọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n nígbà tí bàtà òkèèrè kún ọjà tí kò sẹ́ni tó wá rán bàtà mọ́, ibọ̀wọ́ iṣẹ́ ló bọ́ mi. Wọ́n ń pè mí ní Bàbá Oníbọ̀wọ́ láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ àti Ẹmùré. Ẹ jẹ́ kí n sì tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà máa wá a kiri nínú ọ̀rọ̀ mi: ibọ̀wọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi rán ló mú ọmọ mi lọ. Ibọ̀wọ́ náà kò sì ní àbùkù kankan.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí rò pé ibọ̀wọ́ ni ibọ̀wọ́. Irọ́ ni. Awọ ewúrẹ́ rọ̀, ó ń tẹ̀ lé ìka bí omi. Òun ni mo máa ń gé fún dẹ́rẹ́bà àti fún àwọn tó ń ti ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún kúrò lójú oko, àwọn tó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n di mú. Awọ màlúù le, kì í tètè ya. Òun ni ti afọ́kùúta, mo sì máa ń lẹ òmíràn mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kó di méjì, mo máa ń fi ojú rírán sí ìta kó má baà máa ha ìka. Awọ inú màlúù wà, èyí tó rí wúruwùru bí aṣọ àrán. Ti wẹ́dà nìyẹn, nítorí iná kì í tètè wọ̀ ọ́. Òwú tí a fi ń rán an kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ọ̀rá, torí ọ̀rá yóò yọ́, ibọ̀wọ́ yóò sì tú ká lọ́wọ́ ẹni níwájú iná.

Lásún wẹ́dà kò gbà mí gbọ́. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni, ó fẹ́ràn oge. Ó rí ibọ̀wọ́ awọ ewúrẹ́ kan tí mo ṣe fún dẹ́rẹ́bà, aláwọ̀ ilẹ̀, tó ń dán, ó ní òun ni òun fẹ́.

"Lásún, iná ni ìwọ ń bá ṣiṣẹ́."

"Bàbá, ẹ ṣe é fún mi. Tiyín yẹn wúwo bí ẹsẹ̀ màlúù."

"Ẹsẹ̀ màlúù náà kúkú ni. Ṣé iṣẹ́ lo fẹ́ fi ṣe ni àbí o fẹ́ fi gbé ìyàwó wọ ṣọ́ọ̀ṣì?"

Kò gbọ́. Ó lọ rí dẹ́rẹ́bà náà, ó rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi padà wá. Iná ti ká awọ náà kò mọ́ ọn lọ́wọ́ bí pọ̀nmọ́, ìka rẹ̀ ò lè nà. Èmi àti àwọn aládùúgbò la jọ fi ọ̀bẹ gé e kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń pariwo, a ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Lásún ni ń polówó mi kiri. Tó bá rí wẹ́dà kékeré kan tó ń fi ọwọ́ lásán jó irin, á ní, "Lọ bá Bàbá Oníbọ̀wọ́. Tó bá bú ẹ, gbà á bẹ́ẹ̀."

Ti àwọn tó ń gbé igi ní sọ́mìílì tún yàtọ̀. Awọ màlúù ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ẹnu ibọ̀wọ́ agbégi gbọ́dọ̀ fẹ̀. Bí gẹdú bá yí lu ọwọ́, tí ìka ibọ̀wọ́ há sáàárín igi méjì, ọwọ́ gbọ́dọ̀ lè yọ jáde kíá, kí igi máa mú awọ lọ. Ọ̀gá Ajíbádé ló kọ́ mi. Bí mo bá rán ẹnu rẹ̀ tán, á wọ̀ ọ́, á ní kí n di ìka rẹ̀ mú ṣinṣin, á wá fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Bí kò bá yọ lẹ́ẹ̀kan, á ní kí n tú u.

Ọ̀kan ló kù. Ohunkóhun tó bá ń yí, ìbá à ṣe ayùn, ìbá à ṣe ẹ̀rọ tí ń dá irin lu, ọwọ́ lásán ni a ń lọ sídìí rẹ̀. Awọ ara ènìyàn, bí ayùn bá kàn án, á gé e. Ó burú, ṣùgbọ́n ó tán síbẹ̀. Ibọ̀wọ́ ni ayùn ń dì mú. Á dì í mú, á fà á, á sì fa ẹni tó wà nínú rẹ̀ tẹ̀ lé e. Kò sí onísọ́mìílì kan ní gbogbo agbègbè wa tí kò mọ èyí. Kì í ṣe àṣírí.

Adébáyọ̀ ọmọ mi mọ̀ ọ́n ju gbogbo wọn lọ, torí lábẹ́ tábìlì tí mo ti ń gé awọ ló ti kọ́ bí a ti ń rìn. Kò fẹ́ràn abẹ́rẹ́. Ariwo igi ló fẹ́ràn. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ ayùn ní sọ́mìílì kan ní Ẹmùré, ó fẹ́ ìyàwó síbẹ̀, Dúpẹ́ lorúkọ rẹ̀, ọmọ dáadáa. Oyún ń wá, oyún ń wálẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń bá a yí nìyẹn, ọdún ń gorí ọdún. Fọlákẹ́ ìyàwó mi ti gba ààwẹ̀ títí nítorí ọ̀rọ̀ náà, ó kú, kò rí ọmọ. Ìgbà tó yá ni Dúpẹ́ tún lóyún, oyún náà sì dúró títí ó fi yọ sí aṣọ.

Ìgbà náà ni Alàgbà Fadípẹ̀ wá bá mi láti ṣọ́ọ̀ṣì tí Adébáyọ̀ àti Dúpẹ́ ń lọ ní Ẹmùré. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ènìyàn pẹ̀lẹ́ ni Alàgbà, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ó ní wọ́n fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, wọ́n fẹ́ fi ibọ̀wọ́ ta wọ́n lọ́rẹ.

Mo bi í pé, "Iṣẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe?"

"Iṣẹ́ igi ni, bàbá."

"Igi wo? Gbígbé ni àbí lílà?"

Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Gbígbé ni."

Mo rán ti agbégi fún wọn, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, mo sì fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wò kí wọ́n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Ó di ọjọ́ Sátidé kan, Báyọ̀ wá kí mi, ó gbé iṣu wá. Ibọ̀wọ́ kan yọ orí jáde lápò rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n okùn pupa kan wà lẹ́nu rẹ̀.

"Kí ni wọ́n rán mọ́ iṣẹ́ mi yìí?"

"Okùn májẹ̀mú ni, Bàámi. Àwọn màmá ṣọ́ọ̀ṣì ló rán an mọ́ ọn. Pásítọ̀ ta òróró sí gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní ká fi okùn yẹn dè é mọ́ ọrùn ọwọ́, ká má tú u lẹ́nu iṣẹ́ títí ààwẹ̀ ìjọ á fi parí."

Mo wo ẹnu tí mo là fẹ̀. Wọ́n ti fà á pọ̀ bí ẹnu àpò gààrí.

"Àwọn agbégi nìkan ni?"

"Gbogbo wa ni, sà. Gbogbo àwa tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́."

"Títí kan ẹ̀yin tó wà nídìí ayùn?"

Ó ti ibọ̀wọ́ náà padà sínú àpò.

"Báyọ̀, kí ni mo kọ́ ẹ nípa ohun tó ń yí?"

"Ọwọ́ lásán." Ó sọ ọ́ bí ọmọ tó ń ka ìwé. "Ọwọ́ lásán ni, Bàámi. Mo mọ̀ ọ́n."

"Tú u nígbà náà."

Ó jókòó, ó fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní Dúpẹ́ náà wà nínú ààwẹ̀ yẹn nítorí oyún inú rẹ̀. Ó ní ó ti kúnlẹ̀ bẹ òun pé kí òun má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò tú okùn. "Ó ní, 'Bí eléyìí bá tún lọ bíi tàwọn tó kù, tó sì jẹ́ pé ìwọ lo tú u, báwo ni mo ṣe fẹ́ máa wo ojú rẹ?' Bàámi, kí ni kí n sọ?"

Kí ni èmi náà fẹ́ sọ? Òun fúnra rẹ̀ ló wá rí ọ̀nà. Ó ní òun kò ní tú okùn, òun kò sì ní dé ìdí ayùn. Òun yóò máa bá wọn gbé pátákó títí ààwẹ̀ á fi parí, Kọ́lá, ẹnìkejì òun nídìí ayùn, ni yóò máa la igi. Kọ́lá kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn, kò sí okùn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ọgbọ́n nìyẹn. A gún iyán, a jẹ ẹ́, ó sọ ọ̀rọ̀ Kọ́lá fún mi, bó ṣe máa ń bá ayùn wí bí ẹni ń bá ìyàwó wí, a rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn nígbà tó ń wọ mọ́tò lọ. Ọmọ mi gbọ́n.

Kọ́lá ló sọ ìyókù fún mi, ó sì ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Ìyá ìyàwó Kọ́lá kú ní Àgbàdo. Ẹ mọ̀ pé àna kì í sinmi nílé nígbà tí wọ́n bá ń sin ìyá ìyàwó rẹ̀. Bí kò bá lọ, ọ̀rọ̀ náà kò ní tán láéláé. Ó lọ. Ọjọ́ tó lọ ni lọ́rí oníbàárà kan dé, ó ń dúró gba pátákó. Ẹni tó ni sọ́mìílì ń lọ, ó ń bọ̀. Ó ní, "Báyọ̀, ṣé ìwọ kọ́ ni oníṣẹ́ ayùn mọ́ ni?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ ní Báyọ̀ wo okùn yẹn. Wọ́n ní ó fi ọwọ́ kejì dì í mú bí ẹni fẹ́ tú u, ó sì tún fi í sílẹ̀. Ó lọ dúró sídìí ayùn, ó ti igi sí i, ó la òkìtì kan tán, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ayùn mú orí ìka ibọ̀wọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ṣí bí mo ṣe rán an, bóyá awọ nìkan ni ì bá lọ. Bóyá. Ayùn yára, mi ò lè búra. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dè é. Ó fà á dé apá. Wọ́n gbé e sínú mọ́tò, ẹ̀jẹ̀ tán lára rẹ̀ kí wọ́n tó dé ọsibítù.

Nílẹ̀ wa, bàbá kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀. Ìkẹ́rẹ́ ni mo jókòó sí, wọ́n ń sin ín ní Ẹmùré. Lásún ló jókòó tì mí. Kò kúrò láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá bá mi kẹ́dùn. Alàgbà Fadípẹ̀ ló ṣáájú, Pásítọ̀ rán an. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà. Alàgbà ní, "Bàbá, Ọlọ́run ló mọ ìdí rẹ̀."

Mo ní, "Alàgbà, nígbà tí ẹ wá gbé iṣẹ́ fún mi, kí ni mo bi yín?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

"Mo ní kí ni mo bi yín?"

Ó wo ilẹ̀. "Ẹ bi wá pé iṣẹ́ wo ni."

"Kí lẹ sọ?"

"A ní igi gbígbé ni."

Màmá kan láti ẹ̀yìn ní, "Uṣẹ́ èṣù ni, bàbá. Èṣù ló ṣe é."

Mo ní, "Èṣù kò mọ abẹ́rẹ́ lò, màmá. Ta ló rán okùn mọ́ ọn?"

Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará ìlú bá mi jà lẹ́yìn wọn, wọ́n ní mo lé àwọn tó wá bá mi kẹ́dùn. Bẹ́ẹ̀ ni, mo lé wọn. Ọmọ ìjọ ni èmi náà, mo ṣì ń lọ síbi tèmi níhìn-ín lọ́jọ́ ìsinmi. Ọlọ́run kọ́ ni mo bá jà. Mo fẹ́ kí ẹnì kan péré sọ pé, "Àwa la ṣe é, a ò béèrè." Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ títí di òní.

Dúpẹ́ ló wá bá mi lóun nìkan, inú rẹ̀ ti tóbi. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, oyún kò jẹ́ kó lè ṣe é dáadáa, ó wó lé ilẹ̀. "Bàámi, ṣé èmi ni mo pa á?"

Mo gbé e dìde. Mo ní, "Ìwọ kọ́. Ìwọ ń wá ọmọ." Ó ń gbé ọ̀dọ̀ mi títí ó fi bímọ, ọkùnrin.

Ọjọ́ ìkómọ, Alàgbà tún wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ilé Dúpẹ́ ní orúkọ ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú kó tó dé ti wà nílẹ̀, Babárímisá, bàbá rí mi ó sá. Alàgbà ní àṣà wa ni, ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Ẹ má pe ọmọ mi ní ẹni tó sá. Báyọ̀ kò sá. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń sá ni, ì bá sá kúrò nídìí ayùn."

"Bàbá, àṣà ni à ń tẹ̀ lé."

"Àṣà ni pé kí a béèrè iṣẹ́ ènìyàn ká tó wọ nǹkan sí i lọ́wọ́. Ẹ ò tẹ̀ lé ìyẹn."

Dúpẹ́ gba ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ní Dúró ni orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn, Dúrójayé.

Mo rò pé ó tán. Ó di ìgbà tí ọdún yí po, Alàgbà Fadípẹ̀ tún yọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, mo ń gé awọ fún àwọn afọ́kùúta. Ó kí mi, mo dá a lóhùn. Ó béèrè Dúrójayé, mo ní ó ń rá kòrò. Ó wá jókòó sórí àpótí oníbàárà.

"Bàbá, ìdúpẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tún ti ń bọ̀. Mo sọ fún wọn pé a ò gbọdọ̀ lọ ra ti òkèèrè ní Adó. Mo ní tiyín ló dára jù. Kò ní sí okùn níbẹ̀ mọ́, mo ṣe àdéhùn."

Mo gbé ọ̀bẹ kalẹ̀.

"Ta ni yóò wọ̀ ọ́?"

"Gbogbo ènìyàn, bàbá. Gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ inú ìjọ."

Mo wò ó. Kò burú, ènìyàn pẹ̀lẹ́ ni, mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń retí kí n sọ pé ó dára.

Mo ní, "Gbogbo ènìyàn kò ní ọwọ́, Alàgbà. Rótìmí agbégi ní ọwọ́. Sámù tó ń rẹ́ pátákó ní ọwọ́. Kọ́lá ní ọwọ́, tèmi kọ́ ni yóò bò ó. Adébáyọ̀ ní ọwọ́. Àwọn tí mo mọ̀ ni mo ń rán nǹkan fún. Ẹ lọ wádìí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sọ orúkọ wọn àti iṣẹ́ wọn fún mi. Èyí tó bá ń la igi nínú wọn, mi ò ní nǹkan fún un."

"Bàbá, wọ́n pọ̀ o."

"Mo mọ̀."

Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní òun yóò jíṣẹ́ fún Pásítọ̀. Mo gbọ́ pé Adó ni wọ́n ti lọ rà á. Mo wọ mọ́tò lọ sí Ẹmùré lọ́jọ́ tí wọ́n pín in, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà sọ́mìílì láti àárọ̀, mo ń bọ́ ọ lọ́wọ́ àwọn onídìí ayùn lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń wọlé. Àwọn kan bú mi. Wọ́n ní ọ̀fọ̀ ti sọ mí di wèrè. Mo bọ́ tiwọn náà.